Báwo ni a ṣe ń rí ẹ̀rín àti ìdùnnú pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò, nítorí mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, ibi tí èrò mi parí sí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwa obìnrin mẹ́rin kan ni a ti ń ṣọ̀rẹ́ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí. Nígbà náà, kò sí ohun tí kò lè pa wá lẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá ṣi ọ̀rọ̀ pè lọ́jọ́ Ajé, a óò ṣì máa fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì. Ní báyìí tí kálukú ti ní iṣẹ́ àti ìdílé, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni a ń fojú kan ara wa, ìjókòó wa sì ti dà bí ìpàdé ìgbìmọ̀: ọ̀kan á ròyìn wàhálà ibi iṣẹ́, èkejì á ròyìn ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀kẹta á máa wo aago, a ó sì dìde. A fẹ́ràn ara wa, èyí kò ní iyèméjì nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wọ́n láàárín wa.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo ní n ó wá nǹkan ṣe sí i. Mo ya odidi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún wa, mo kọ àwọn eré tí a óò ṣe sínú ìwé, mo tilẹ̀ há àwọn àwàdà kan sórí. Ètò náà lọ geere, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ti inú wá. Ẹ̀rín músẹ́ ni a ń rín síra wa, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà tí a wá ń lọ sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí ni òjò dé. Agbòjò kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa mẹ́rin. Bí a ti fún ara wa pọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀fúùfù kan fẹ́, ó dojú agbòjò náà kọ òkè bí abọ́, gbogbo omi tó gbá sínú rẹ̀ sì gba ara ọ̀pá ṣàn wọ inú apá aṣọ ẹni tó dì í mú. Kò pariwo. Kò sọ ọ́ nù. Ó ṣì na abọ́ omi náà sókè gbọnrangandan lórí wa, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wá pé, "Ṣé òjò kò kàn yín níbẹ̀ yẹn?" Ẹ̀yin ará mi, ẹsẹ̀ wa kò gbé wa mọ́. Ọ̀kan nínú wa di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò lóhùn, omijé ojú rẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ òjò. A wọnú ọkọ̀ tán, a kò lè lọ, nítorí bí ẹ̀rín bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan á tún ní, "Ṣé kò kàn yín?"

Ìbéèrè mi nìyí. Kí ló dé tí ọjọ́ tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pèsè sílẹ̀ kò mú nǹkan kan wá, tí agbòjò tó yí padà sì dá ìgbà èwe wa padà fún wa? Báwo ni ènìyàn ṣe lè rí irú ìdùnnú bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, láìjẹ́ pé ó ń dúró de òjò?

Ọ̀rọ̀ kejì tún wà, òun gan-an ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀kan nínú wa ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdánwò ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹlòmíràn nínú wa máa ń fi í ṣe àwàdà, gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà a sì máa bá wa rín in. Ní ìjókòó wa tó kẹ́yìn, wọ́n tún sọ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti dá wa lóhùn lórí fóònù bó ti yẹ. Ṣé àwàdà wa ló di nǹkan mìíràn mọ́ wa lọ́wọ́?

Ìdáhùn kìíní, láti ọwọ́ olùkọ́ kan

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú wa. Ìmọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ti gba ọkàn mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín kò yà mí lẹ́nu rárá.

Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Robert Provine. Nígbà tó fẹ́ mọ ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín, kò kó àwọn aláwàdà jọ. Òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jáde lọ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n ń tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ títí ó fi tó ẹ̀rín 1,200. Àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 1993. Bí a bá kó ọgọ́rùn-ún nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn jọ, mẹ́wàá sí ogún péré ni ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn náà lè pè ní ọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ bíi "Ṣé ó dá ọ lójú?" tàbí "Inú mi dùn láti mọ̀ ọ́." Provine tún rí i pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín ju ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ, àti pé nígbà tí ènìyàn bá wà láàárín àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po ọgbọ̀n ti ìgbà tó bá dá wà.

Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé èyí tú ọ̀rọ̀ yín palẹ̀. A máa ń rò pé àwàdà ló ń bí ẹ̀rín, nítorí náà nígbà tí ẹ̀rín bá wọ́n, àwàdà ni a máa ń sáré wá kiri. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀rín ń gbà ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀rẹ́ sún mọ́ ti ìkíni ju ti eré orí ìtàgé lọ. Ohun tí ẹnì kan ń fi í sọ fún ẹnì kejì ni pé, mo wà níbí, mo gbọ́ ọ, ọkàn mi balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ní ọjọ́ tí ẹ ṣètò, ẹ sọ ara yín di òṣèré, ẹ sì sọ àwọn mẹ́ta tó kù di òǹwòran, òǹwòran a sì máa dúró wò ó bóyá yóò dùn. Lábẹ́ agbòjò, kò sí òǹwòran. Gbogbo yín ni òjò ń pa.

Ohun kan tún wà tí n kò fẹ́ kí ó fò yín. Ká ní àjèjì kan ló di agbòjò yẹn mú tó sì bi yín ní ìbéèrè kan náà, ẹ̀rín lásán ni yóò jẹ́. Ohun tó mú un wọ̀ yín lára ni pé ẹ mọ ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn láti ogún ọdún, ẹ mọ̀ pé irú ẹni tó ń bá àwọn ẹlòmíràn wá ibi ìsádi nígbà tí omi ń wọ inú aṣọ tirẹ̀ ni ẹni náà. Ìwà rẹ̀ ló pa yín lẹ́rìn-ín. Irú ẹ̀rín báyìí yàtọ̀ débi pé etí àjèjì pàápàá lè dá a mọ̀: ní ọdún 2016, Gregory Bryant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí ènìyàn 966 ní àwùjọ 24 káàkiri ayé gbọ́ ẹ̀rín tí ènìyàn méjì jọ ń rín, èyí tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ bóyá ọ̀rẹ́ ni àwọn méjèèjì àbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé ni. Nínú ọgọ́rùn-ún ìdáhùn, mọ́kànlélọ́gọ́ta ló tọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ń sọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi kún àkókò, kí ẹ sì dín ètò kù. Jeffrey Hall, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Kansas, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2018, ó sì ṣírò rẹ̀ pé ó máa ń gba nǹkan bí wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ lásán, nǹkan bí 90 kí ó tó di ọ̀rẹ́ gidi, àti ohun tó ju 200 lọ kí ó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn nínú rẹ̀ ni pé wákàtí tí ènìyàn méjì fi jọ ṣiṣẹ́ kò ní agbára tó wákàtí tí wọ́n fi ṣeré, tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ tí kò nídìí, tí wọ́n kàn fi jókòó. Ìpàdé oṣooṣù yín ti di iṣẹ́, ó ní àbọ̀ jíjẹ́, ó ní aago. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ lọ gba aṣọ lọ́wọ́ aránṣọ, kí èkejì bá a lọ. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kun ilé, kí ẹ̀yin tó kù lọ bá a di àkàbà mú. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ń gbé, nítorí kò sí ẹni tó ń wá a níbẹ̀.

Ìdáhùn kejì, láti ọwọ́ bàbá àgbà kan

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo sì ka ti olùkọ́. Òótọ́ ni olùkọ́ sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, kí o má baà rò pé ètò ṣíṣe kò wúlò mọ́.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti ń rí ara wa ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọdún mọ́kànlélógójì. Bí kì í bá ṣe pé a ti fi ọjọ́ náà lélẹ̀, tí a kò sì jẹ́ kí ohunkóhun yẹ̀ ẹ́ àfi àìsàn, ayé ì bá ti gbà á lọ́wọ́ wa tipẹ́. Nítorí náà, ẹ ṣètò ìjókòó o. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ìjókòó náà ni kí ẹ má ṣètò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó ra fáànù tuntun, ó sì gbé e wá kí a jọ tò ó. Bí a ti tú páálí rẹ̀ tán, a rí i pé òun gbàgbé awò ojú rẹ̀ sílé, tèmi nìkan ló wà nílẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé ìtọ́sọ́nà náà kò ju ẹyin èèrà lọ. A wá gbà pé kí n fi awò ka ìlà kìíní, kí n bọ́ ọ fún un kí ó ka ìlà kejì, kí kálukú máa ṣe ohun tí ìlà rẹ̀ bá sọ. Báyìí ni awò ń lọ tó ń bọ̀. Èmi kò mọ ohun tí ìlà rẹ̀ wí, òun náà kò mọ tèmi. Nígbà tí a dé ìlà kẹrin, kálukú wa ti rò pé ẹnì kejì ló kà á. Nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ ni a lò. Nígbà tí a tan fáànù náà, ó fẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n ògiri ló kọjú sí, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, kò sì ṣe é yí. A jókòó síwájú rẹ̀, a ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi yọ awò lójú mi jẹ́jẹ́, ó wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ta ló ka ìlà kẹrin?"

Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé ó lè má pa ẹ lẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí, àwa méjì ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín. Bí nǹkan bá dàrú lọ́wọ́ èyíkéyìí nínú wa, bóyá ó san owó tí kò yẹ kó san tàbí ó lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, ẹnì kejì á kàn ní, "Ìlà kẹrin ni o." Ọ̀rọ̀ náà ti di tiwa. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọdún tó kọjá, kí wọ́n tó gbé mi wọlé, ó tẹ̀ sí etí mi, ó ní òun ti bẹ dókítà kó ka ìlà kẹrin dáadáa. Ẹ̀rín ni mo rín wọnú yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ohun tí mo ń sọ fún ọ ni pé kí o má jẹ́ kí nǹkan kékeré kọjá láìní orúkọ. Ẹ̀yin ti ní tiyín báyìí. "Ṣé kò kàn yín?" Ẹ gbá a mú. Ní ọjọ́ tí ọ̀kan nínú yín bá ń ròyìn ọ̀gá tó ń fi ojú rẹ̀ rí màbo níbi iṣẹ́, kí ẹnì kan bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá òjò náà kò kàn án níbẹ̀ yẹn. Wàhálà náà kò ní kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó ti jọ wà lábẹ́ agbòjò kan náà.

Ìdáhùn kẹta

Ìbéèrè kejì yẹn ni mo fẹ́ dáhùn, ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, èmi sì ni ẹni tí wọ́n fi ṣe àwàdà.

Mo máa ń tètè sunkún. Bí mo bá ń wo eré, mo lè sunkún. Bí ẹnì kan bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn, mo lè sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ mí ní orúkọ kan nítorí èyí, fún ọdún mẹ́rin ni mo sì fi ń dáhùn sí orúkọ náà tẹ̀ríntẹ̀rín. Kì í ṣe pé mo ń díbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún kìíní, ó dùn mọ́ mi, ó jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n mọ̀ mí. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú. Nígbà tí wọ́n tún pe orúkọ náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín bí mo ti máa ń ṣe, mo délé, mo sì pinnu pé n kò ní lọ mọ́. Wọn kò yí àwàdà náà padà, èmi ni mo ti yí padà, kò sì sí ẹni tó ṣàkíyèsí.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rín ẹni tí wọ́n fi ń ṣe àwàdà, ẹ má fi ìyẹn nìkan ṣe ẹ̀rí pé inú rẹ̀ dùn. Bí kò bá rín in, wọ́n á ní kì í gba àwàdà, ẹ̀rù orúkọ yẹn sì ń ba gbogbo wa. Justin Kruger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí nípa ọ̀rọ̀ yìí ní 2006, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ń fi ẹlòmíràn ṣe àwàdà máa ń rò pé ìfẹ́ tó wà lọ́kàn òun hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ òun, nígbà tí ẹni tí wọ́n fi ṣe é kò rí ìfẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe àwàdà náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó mọ inú ara rẹ̀, ó sì rò pé gbogbo ènìyàn ló ń rí inú náà.

Èmi kì í béèrè mọ́ bóyá àwàdà kan dùn tàbí kò dùn. Ohun tí mo máa ń béèrè ni bóyá ẹni náà fúnra rẹ̀ lè mú ọ̀rọ̀ náà wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Ẹni tó di agbòjò mú ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀rín náà fún yín. Ǹjẹ́ ẹni tó ń ṣe ìdánwò ìwakọ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa yín lẹ́rìn-ín nípa rẹ̀ rí?

Ẹ lọ bá a, kí ẹ dá lọ. Ẹ má bi í pé "Ṣé o bínú ni?" nítorí "rárá" ni yóò sọ, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ fojú rí: mo rí i pé láti ọjọ́ yẹn ni o ti dákẹ́, èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ẹyin lohùn, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ìrírí tèmi, ọ̀kan péré nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ló wá bá mi báyìí, òun nìkan ló sì kù tí mo ṣì ń pè ní ọ̀rẹ́ nínú wọn.

Ìdáhùn kẹrin

Mo kàn fẹ́ fi kékeré kún un, nítorí mo gbọ́ tí ẹ ní àwọn ọ̀rẹ́ yín máa ń ròyìn wàhálà, bí ẹni pé wàhálà ló lé ẹ̀rín jáde. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ọkọ mi kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tó ti ń sùn tì mí láti ìgbà náà jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń tù mí nínú. Ó ní, "Má dá ara rẹ lóró. N kò ní fi ọ́ sílẹ̀. Ìgbàkígbà tí o bá là ojú, wàá rí mi ..." ó sì sùn lọ láàárín gbólóhùn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ọwọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wò ó, mo rí i bí ó ti rẹ̀ ẹ́ tó nítorí mi, ẹ̀rín kan sì jáde láti inú mi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì kù síbẹ̀. Ó ta jí, ó ní, "Kí ni mo ń sọ?" Mo ní, "O ní ìgbàkígbà tí mo bá là ojú, n ó rí ọ." A jọ rẹ́rìn-ín, a jọ sunkún, n kò lè sọ èyí tó ṣáájú.

Nígbà tó yá, mo kà pé Dacher Keltner àti George Bonanno, tí wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde ní 1997, bá àwọn tí ọkọ tàbí aya wọn kú sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ikú náà. Àwọn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tó dé ojú bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ olóògbé ni ìbànújẹ́ wọn dínkù jù. Kò yà mí lẹ́nu. Nítorí náà, arábìnrin, ẹ má lé wàhálà jáde nínú ìjókòó yín kí ẹ̀rín lè ráyè. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní wàhálà sọ ọ́ tán. Ẹni tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé òpin ni ara rẹ̀ máa ń tú láti rẹ́rìn-ín.

Olùbéèrè padà wá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ẹ̀yin ará mi, bàbá mi, n kò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi bí ẹ ti wí, mo sì sọ ohun tí mo rí. Ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ lè fi ìdánwò yẹn ṣe àwàdà láàárín àwa mẹ́rin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí a délé, ó bi mí bóyá mi ò gbọ́n ni."

Kò sí èyí tó mọ̀ nínú àwa mẹ́ta pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ṣe àwàdà náà, pẹ̀lú àṣẹ ìyá ọmọ náà, ó sì dìde lọ sílé wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó pe ọmọ náà jókòó, ó sọ fún un bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ òun ní ìṣirò ní ọdún tí òun fẹ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, àti pé òun kò bá tí yege láìsí ìyá rẹ̀. Ìdáhùn kẹta ló ṣílẹ̀kùn yìí fún wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an.

Ohun mìíràn tún yọjú. Ẹni tó di agbòjò mú ti rí iṣẹ́ sí ilẹ̀ òkèèrè, yóò lọ ní oṣù tó ń bọ̀. Bí a bá bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìròyìn ni a máa ń sọ, bí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn fún ara wọn. Báwo ni a ṣe fẹ́ máa rí àwọn nǹkan kékeré wọ̀nyí láti ọ̀nà jíjìn?

Ìdáhùn karùn-ún

Ẹ kú àjọṣe, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ti wà ní òkè òkun fún ọdún márùn-ún, mo sì lè sọ ohun tó gbà wá. A dáwọ́ dúró láti máa pe ara wa nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ wa bá dí ni a ń pe ara wa. Bí mo bá fẹ́ ká aṣọ, mo máa ń pè é, mo máa ń gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun náà á máa ṣe tirẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí a ò ní sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. N óò gbọ́ tí ó ń wá nǹkan, tí ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn, tí ó ń kọrin tí kò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìròyìn kì í gbé.

Èkejì ni pé kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ ọjọ́ ńlá nìkan. Ting Zhang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2014, nínú èyí tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ àwọn nǹkan tí kò jọjú sílẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ láìpẹ́, orin tí wọ́n ń gbọ́, ibi tí wọ́n ti bá àwọn ọ̀rẹ́ wọn ṣeré kẹ́yìn. Wọ́n bi wọ́n bí yóò ṣe wù wọ́n tó láti tún un kà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí wọ́n gbé e padà síwájú wọn, ó wù wọ́n ju bí wọ́n ti rò lọ. Àwa méjì ní ìwé kan lórí fóònù tí a jọ ń kọ nǹkan sí. Gbólóhùn kan péré, àti ọjọ́ rẹ̀. Ní ìparí ọdún, a máa ń kà á síta fún ara wa, ó sì máa ń ṣòro láti kà á dé ìparí.

Olùbéèrè

Mo ti ṣí ìwé náà fún àwa mẹ́rin. Lánàá, ẹni tó ń lọ náà pè mí nígbà tí ó ń to aṣọ sínú àpótí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ bí ẹ ti wí. Ó pẹ́ tí n kò gbọ́ nǹkan kan àyàfi ìró aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn bá ológbò rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí ó ti wọ inú àpótí náà tó sì dùbúlẹ̀ lórí aṣọ òtútù rẹ̀. Èyí ni mo kọ sí ojú ewé kìíní:

"Ọjọ́bọ̀. Ó bi ológbò náà bóyá òun ló fẹ́ lọ gba iṣẹ́ náà. Ó dúró. Ó ní fún mi pé kò tíì dáhùn, ó ń rò ó."